Ta Ló Tọ́ Sí? Ìtàn Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yan Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn agbábọ́ọ̀lù Florida State University jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń retí kí wọ́n pe orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìgbà 13 ni wọ́n ti wọ pápá lọ́dún náà, ìgbà 13 náà ni wọ́n sì borí. Láti alẹ́ àná ni ife ẹ̀yẹ kọ́nfáránsì wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó jọ ń bá ara wọn díje, ti wà lọ́wọ́ wọn. Ikọ̀ mẹ́rin péré ló máa wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Wọ́n pe Michigan, wọ́n pe Washington, wọ́n pe Texas. Ẹ̀kẹrin tí wọ́n pè ni Alabama, ikọ̀ tí Texas ti nà lójúde ara rẹ̀ lọ́dún náà. Ipò karùn-ún ni wọ́n fi Florida State sí.

Ohun tí ìgbìmọ̀ aṣàyàn sọ ni pé Jordan Travis, ọmọkùnrin tó ń darí eré ikọ̀ náà, ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, àti pé Florida State tí Travis kò sí nínú rẹ̀ kì í ṣe Florida State tó bẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọn kò sọ pé ẹnì kan na ikọ̀ náà, torí pé kò sẹ́ni tó nà á. Lẹ́yìn tí Travis ṣèṣe, wọ́n ṣì lu University of Florida, wọ́n sì lu Louisville ní àṣekágbá kọ́nfáránsì. Ìgbìmọ̀ kàn wo ọjọ́ iwájú, ó ní lójú tòun, wọn kò ní í lè ṣe é.

Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Mi ò sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìsọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí orílẹ̀-èdè tí pápá ìṣeré yunifásítì rẹ̀ mìíràn ń gbà ju ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn lọ ṣe wá fi ọ̀rọ̀ ẹni tó máa díje fún ife sọ́wọ́ ènìyàn 13 nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan.

Ní Under G, ládùúgbò yunifásítì LAUTECH l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù kì í wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọ́ọ̀nù ilé pé òun ò lówó oúnjẹ ṣì máa rí owó san nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ Arsenal á sọ tiwọn, àwọn ọmọ Chelsea á fèsì, ohùn á ròkè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́: “Ẹ lọ wo tábìlì.” Bí máàkì rẹ bá pọ̀ ju tèmi lọ, ìwọ ló borí. Kò sí ìgbìmọ̀ tó máa jókòó pé lóòótọ́ ni máàkì yín pọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dun gbábọ́ọ̀lù-sáwọ̀n yín, nítorí náà ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Síbẹ̀, àwa náà ti rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2018, wàhálà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni olórí àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, da líìgì wa rú lágbedeméjì. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n gbá, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Lobi Stars ti Makurdi tó wà lókè tábìlì ni wọ́n mú lọ sí ìdíje Áfíríkà. Lọ́dún 2020, àrùn Kòrónà tún dá líìgì dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 25. Lọ́tẹ̀ yìí, Lobi Stars kan náà ní máàkì ju Enyimba lọ, ṣùgbọ́n Enyimba kò tíì gbá tó wọn, torí ìdíje Áfíríkà tó ń lọ. Àwọn tó ń darí líìgì pín máàkì ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sí iye ìgbà tó ti gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ tán, Enyimba gòkè, òun àti Plateau United ló lọ sí Champions League, Lobi Stars sì sọ̀ kalẹ̀ sílé. Inú bí àwọn ará Makurdi gidigidi. Ìyẹn ni pé ẹni tó jàǹfààní ìdàrúdàpọ̀ lọ́dún 2018 ni ìdàrúdàpọ̀ jẹ níyà lọ́dún 2020. Ẹ̀yìn ìgbà tí eré ti dúró ni wọ́n sì tó gbé òfin ìṣirò náà kalẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ọdọọdún ni ti Amẹ́ríkà, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n máa ń jù ú, wọ́n sì máa ń kọlu ara wọn pẹ̀lú akoto lórí. Ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1869 ni Rutgers àti Princeton kọ́kọ́ pàdé. Rutgers borí, 6 sí 4. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù yunifásítì ti di ọ̀rọ̀ ìdílé níbẹ̀. Ìlú kékeré tí kò ní ikọ̀ àgbàtà kankan á ní yunifásítì, yunifásítì náà á sì ní pápá tó ju ti orílẹ̀-èdè wa lọ.

Ìṣòro rẹ̀ kò le láti mọ̀. Yunifásítì tó wà ní ìpele tó ga jù lé ní 130. Nǹkan bí ìgbà 12 péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù kí ọdún tó parí, torí pé eré náà le, egungun ń ṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni wọ́n. Inú kọ́nfáránsì kan náà ni wọ́n ti ń gbá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó wà ní Texas lè má pàdé ẹni tó wà ní Ohio fún ogún ọdún. Tábìlì kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ wà lórí rẹ̀ kò sí. Nígbà tí ọdún bá parí, ikọ̀ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á máa sọ pé àwọn làgbà, kò sì ní í sí ohun tó máa là wọ́n.

Wọ́n kọ́kọ́ wá ojútùú gba ẹnu àwọn oníròyìn. Lọ́dún 1936, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá dìbò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí ikọ̀ tó dára jù. Minnesota ni wọ́n dìbò fún lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún 1950, àwọn olùkọ́nimọ̀ọ́gbá náà bẹ̀rẹ̀ ìbò tiwọn. Báyìí ni ife ẹ̀yẹ tó gbayì jù lórí bọ́ọ̀lù yunifásítì ṣe di ohun tí wọ́n ń fi ìwé ìdìbò fúnni. Àwọn ìdíje ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní bowl ti wà nílẹ̀ ná, àgbà wọn ni Rose Bowl tó bẹ̀rẹ̀ ní Pasadena lọ́dún 1902. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ lásán ni wọ́n. Ìlú tó fẹ́ àlejò nígbà ọ̀gìnnìtìn ló ń pe ikọ̀ méjì wá, kì í ṣe pé ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pàdé ẹnì kejì. Àìmọye ọdún ni ìbò ìkẹyìn fi ń wáyé kí wọ́n tó gbá àwọn bowl wọ̀nyí rárá.

Ọdún 1966 ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọdún yẹn ni yunifásítì tiwa náà kọ́kọ́ kóra jọ fún eré ìdárayá. Ọdún 1965 ni yunifásítì márùn-ún tó wà ní Nàìjíríà nígbà náà, ìyẹn Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó, dá NUGA sílẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn sì gbàlejò ìdíje àkọ́kọ́ lọ́dún 1966. Àwọn márùn-ún péré, kálukú lè bá kálukú pàdé, ẹsẹ̀ ló sì máa sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Notre Dame àti Michigan State, àwọn méjì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ta ọ̀mì 10 sí 10. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Notre Dame nígbà tí àkókò ń tán lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn, Ara Parseghian, kò jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti borí. Ó fi ọ̀mì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣèṣirò pé àwọn oníròyìn kò ní í fìyà ọ̀mì jẹ òun. Ìṣirò rẹ̀ sì jóòótọ́, Notre Dame ni wọ́n dìbò fún. Alabama, tí kò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan tí kò sì ta ọ̀mì, ipò kẹta ni wọ́n fi í sí. Mo bínú sí èyí ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e lọ, torí ó fi hàn pé nígbà tó bá jẹ́ pé ìbò ni wọ́n ń dù, ikọ̀ kan lè dẹ́kun gbígbá bọ́ọ̀lù kí ó má bàa pàdánù ojú rere.

Wọ́n ń fà á lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1984, Brigham Young borí nínú gbogbo ìgbà 13 tó gbá, wọ́n sì fi ife fún un, àwọn ènìyàn sì ń kùn pé kò pàdé alágbára kankan. Lọ́dún 1990, Colorado lu Missouri torí pé àwọn rẹfirí ka ìgbìyànjú ṣì. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni òfin fún ikọ̀ láti sún bọ́ọ̀lù síwájú. Wọ́n fún Colorado ní márùn-ún, ìkarùn-ún yẹn ni wọ́n sì fi wọlé. Wọn kò yí èsì náà padà. Nígbà tí ọdún parí, àwọn oníròyìn fi Colorado ṣe ẹni àkọ́kọ́, àwọn olùkọ́nimọ̀ọ́gbá sì mú Georgia Tech. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún ní olúborí méjì, Miami àti Washington. Lọ́dún 1997, bákan náà ni, Michigan níhìn-ín, Nebraska lọ́hùn-ún.

Ìgbà yẹn ni Roy Kramer, ọ̀gá kọ́nfáránsì SEC, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Bowl Championship Series kalẹ̀. Lọ́dún 1998 ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n po ìbò àwọn ènìyàn mọ́ ìṣirò kọ̀ǹpútà, ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì á wá pàdé ní àṣekágbá. Àwọn ènìyàn yọ̀, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, kò sì níbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tó máa kà sí àti ohun tó máa fojú fò.

Lọ́dún 2003, University of Southern California ló wà ní ipò kìíní nínú ìbò àwọn oníròyìn, òun náà ló wà ní ipò kìíní nínú ìbò àwọn olùkọ́. Kọ̀ǹpútà ní ẹnì kẹta ni. LSU àti Oklahoma ló lọ sí àṣekágbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kansas State ṣẹ̀ṣẹ̀ na Oklahoma, 35 sí 7, nínú àṣekágbá kọ́nfáránsì rẹ̀. LSU borí, àwọn oníròyìn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n fi ife tiwọn fún Southern California. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Auburn kò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kankan, kò sì rí àyè wọlé, torí pé àwọn méjì mìíràn náà kò fìdí rẹmi. Southern California wá na Oklahoma, 55 sí 19, gbogbo ará Auburn sì ń wo àṣekágbá náà nílé, wọ́n ń fọwọ́ lérán. Associated Press fà sẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n má fi ìbò àwọn sínú ìṣirò yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2008, Utah borí nínú gbogbo ìgbà 13 tó gbá, ó na Alabama, 31 sí 17, wọn kò sì fún un láyè láti du ife. Orrin Hatch, sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ náà, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́. Barack Obama pàápàá, ní oṣù tí wọ́n dìbò yàn án, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun fẹ́ kí ikọ̀ mẹ́jọ máa figagbága. Ìgbà tó wá di ìparí ọdún 2011 tí LSU àti Alabama, tí wọ́n jẹ́ ará kọ́nfáránsì kan náà tí wọ́n sì ti pàdé lọ́dún náà, tún pàdé ní àṣekágbá, tí Oklahoma State sì ń wò wọ́n láti ìta, ó sú gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, àwọn ààrẹ yunifásítì fọwọ́ sí i pé ikọ̀ mẹ́rin ni yóò máa wọ kòmẹsẹ̀-ó-yọ láti ọdún 2014.

Wọ́n ju kọ̀ǹpútà nù, wọ́n padà sọ́dọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n dárúkọ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13. Jeff Long, olùdarí eré ìdárayá ní Arkansas, ni alága. Condoleezza Rice tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà rí wà nínú wọn, Tom Osborne tó kọ́ Nebraska wà níbẹ̀, Archie Manning náà wà níbẹ̀. Àwọn kan bínú sí Rice pé obìnrin tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí kò lè mọ ohun tó ń wò. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ogun àti àlàáfíà ayé ṣiṣẹ́ lè ka èsì bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ wọn yẹn kò sì yẹ lẹ́nu àgbà.

Ó yẹ kí á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Grapevine, ní Texas, ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ kọ orúkọ ikọ̀ 30 tó dára jù lójú tirẹ̀, láìtò wọ́n. Ikọ̀ tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ẹni mẹ́ta ó kéré tán ló máa wọ inú àgbéyẹ̀wò. Wọ́n á jíròrò, wọ́n á dìbò ní ìkọ̀kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á yọ àwọn díẹ̀ jáde, wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tó kù, títí ikọ̀ 25 á fi pé. Bí wọ́n bá dé orí ilé ẹ̀kọ́ tó ń sanwó fún ọmọ ìgbìmọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ dìde kúrò nínú yàrá kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á kéde rẹ̀, alága á bọ́ síta láti dáhùn ìbéèrè. Ìlànà náà ní kí wọ́n wo ẹni tó gba ife kọ́nfáránsì, bí àwọn tí wọ́n pàdé ṣe lágbára tó, àti ẹni tó na ẹnì kejì rẹ̀. Ó tún ní wọ́n lè wo agbábọ́ọ̀lù tí kò ní í lè ṣeré mọ́. Gbólóhùn kékeré ìkẹyìn yẹn ló padà jẹ Florida State níyà.

Èmi tí mo wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò lè sọ pé ìgbìmọ̀ tó ń yan ènìyàn nínú yàrá ṣàjèjì sí mi. Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni àṣà fún láṣẹ láti yan Aláàfin. Ìlà ìdílé, Ifá àti ìwà ọmọ oyè ni wọ́n ń wò, kò sì sẹ́ni tó retí pé kí àwọn ọmọ oyè lọ ja ìjàkadì ní gbàgede Àkẹ̀sán kí á fi mọ ẹni tó kàn. Oyè ni, wọ́n ń yàn án. Ṣùgbọ́n ìdíje ni bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti na gbogbo ẹni tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kò sí ohun tó kù tí ojú ènìyàn tún fẹ́ wò lára rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. TCU ló wà ní ipò kẹta nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ó na Iowa State, 55 sí 3. Wọ́n sún un lọ sí ipò kẹfà. Ohio State na Wisconsin, 59 sí 0, wọ́n mú un wọlé sí ipò kẹrin. Baylor tó ti na TCU, 61 sí 58, náà wà níta. Kọ́nfáránsì àwọn méjèèjì kò ní àṣekágbá nígbà náà, ó sì pe àwọn méjèèjì ní olúborí. Ìyẹn wà lára ohun tó kó bá wọn. Ohio State wá na Alabama, ó na Oregon, ó gba ife náà pẹ̀lú Cardale Jones, ẹnì kẹta nínú àwọn tó ń darí eré rẹ̀, torí pé àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ ti fara pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Cardale Jones. Ìgbìmọ̀ yẹn kan náà ló sọ ní ọdún 2023 pé ikọ̀ tí ẹni tó ń darí eré rẹ̀ ti fara pa kò lè gba ife.

Lọ́dún 2017, Central Florida kò fìdí rẹmi nínú ìgbà 12, ipò kejìlá ni ìgbìmọ̀ fi í sí. Ó wá na Auburn, 34 sí 27, bẹ́ẹ̀ Auburn ti na Alabama àti Georgia, àwọn méjì tó gbá àṣekágbá, lọ́dún náà. Central Florida ní àwọn lolúborí, wọ́n sì jó yí ìlú ká. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi kò rí ohun ẹ̀sín níbẹ̀. Ikọ̀ tí kò sẹ́ni tó nà á, tí wọn kò sì fún láyè láti gbá bọ́ọ̀lù fún ife, kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe? Ó di ọdún 2021 kí ikọ̀ kan láti àwọn kọ́nfáránsì kékeré, Cincinnati, tó wọlé, Alabama sì nà án, 27 sí 6. Pápá ló dá ẹjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì tún bá wọn jiyàn.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn ọmọ wa. Olusegun Oluwatimi ló wà láàárín ìlà iwájú Michigan lọ́dún 2022, ó gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington lọ́dún kan náà, ikọ̀ rẹ̀ sì wà nínú àwọn mẹ́rin; TCU ló dá wọn dúró, 51 sí 45. Olumuyiwa Fashanu ti Penn State tó lọ sí New York Jets lọ́dún 2024 kò rí kòmẹsẹ̀-ó-yọ gbá kó tó kúrò nílé ẹ̀kọ́, torí pé ikọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n ń mú nígbà náà. Àwọn òbí Yorùbá tó wà l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ń sọ fún ọmọ pé ìwé ni kó mú le ti wá ń kó ẹbí jọ lọ sí pápá báyìí. Nígbà tí ọmọ ẹni bá wà nínú rẹ̀, àwọn 13 tó wà ní Grapevine kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn mọ́.

Kí á padà sí Florida State. Wọ́n lọ bá Georgia gbá ìdíje Orange Bowl, Georgia sì nà wọ́n, 63 sí 3. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìyẹn dá ìgbìmọ̀ láre. Kò dá a láre. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ògbóǹtarìgì ikọ̀ náà ni kò gbá a, nígbà tí wọ́n ti gba ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún lọ́wọ́ wọn. Ẹ kò lè já ẹsẹ̀ ẹni kí ẹ tún fi í ṣe ẹ̀rí pé kò lè rìn. Alabama tí wọ́n mú dípò wọn náà fìdí rẹmi lọ́wọ́ Michigan, Michigan ló sì gba ife.

Lọ́dún 2024, wọ́n sọ àwọn mẹ́rin di 12. Olúborí kọ́nfáránsì márùn-ún tó ga jù á wọlé láìsí àríyànjiyàn, ìgbìmọ̀ á wá yan méje sí i. Owó wà nídìí rẹ̀, mi ò ní í purọ́. Àdéhùn tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN ṣe lọ́dún yẹn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, fún ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ mú ohun gidi kan wá. Ohio State tí Michigan ti nà nílé ara rẹ̀, tí ì bá má sí láàárín àwọn mẹ́rin àtijọ́ rárá, wọlé sí ipò kẹjọ, ó sì gba ife náà. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n fún ní ìsinmi nípele àkọ́kọ́ ńkọ́? Gbogbo wọn ló fìdí rẹmi nígbà tí wọ́n wọ pápá. Gbogbo ohun tí ojú àwọn 13 rí ní Grapevine, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà sọ ọ́ di òfo láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àríyànjiyàn kò sì tán. Ẹnu ọ̀nà ló kàn sún síwájú. Alabama àti SMU ló fà á lọ́dún 2024; Notre Dame àti Miami ló fà á lọ́dún 2025. Àwọn méjèèjì yìí borí nínú 10, wọ́n fìdí rẹmi nínú 2. Ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ ni ìgbìmọ̀ fi Notre Dame síwájú Miami, bẹ́ẹ̀ Miami ti nà án, 27 sí 24, ní ìparí oṣù Kẹjọ. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ náà, wọ́n yí wọn padà, Miami wọlé. Notre Dame bínú débi pé ó kọ̀ láti gbá bowl kankan. Mo gbà pé Miami ló tọ́ sí, torí pé òun ló borí nígbà tí wọ́n pàdé, ó sì lọ títí dé àṣekágbá kí Indiana tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kẹjọ kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni ní oṣù Kejìlá. Ẹni tí ẹ bá ti gbé sókè fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí kò gbá bọ́ọ̀lù, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Yunifásítì tiwa kì í ṣe márùn-ún mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá LAUTECH sílẹ̀ lọ́dún 1990 títí di òní, ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn ti dá èyí tó pọ̀ sílẹ̀. NUGA ti ń pín wọn sí ẹkùn kí wọ́n tó mú àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje gan-an, Higher Institutions Football League sì ti wà láti ọdún 2018. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àyè á máa há sí i, bí àyè bá ṣe ń há ni ẹnì kan á máa dábàá pé kí wọ́n jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kan yan àwọn tó dára jù. Ẹ̀yin olùdarí eré ìdárayá ní yunifásítì wa, ẹ̀yin aṣojú akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní tábìlì tirẹ̀, kí máàkì sọ ẹni tó wọlé. Bí máàkì bá dọ́gba, kí ẹni tó na ẹnì kejì rẹ̀ máa lọ. Ohun yòówù tí ẹ bá tún fẹ́ fi là wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún gbogbo ènìyàn kà kí rẹfirí tó fọn fèrè àkọ́kọ́ ọdún.